Ọjọ́ tí Mo Fi Oríkì Bàbá Àjàní Ki Olè Inú Sinimá

Iṣẹ́ tí mo ṣe kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ, kò sí ẹni tó ń ṣe é mọ́. Sinimá tí kò lè sọ̀rọ̀ ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ ọmọ mi, wọn a wo ojú ara wọn bí ẹni pé orí Mama ti fẹ́ dàrú. Orí mi kò dàrú o. Ẹ jókòó dáadáa, kí n là á yé yín.

Lọ́dún tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ata ni mo ń tà ní Kétu. Kò tíì pẹ́ tí ọkọ mi gbé mi wá láti Ẹ̀pẹ́. N kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọjà ti mọ ohùn mi. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan ra ata lọ́wọ́ mi, mo wọ̀n ọ́n fún un tán, ó tún na ọwọ́, ó bu ẹ̀kúnwọ́ méjì lé e, ó ní èènì ni. Ẹ gbọ́ ná, ṣé oníbàárà ló ń bu èènì fún ara rẹ̀ ni? Mo bú u débi pé àwọn oníṣu tó wà lódìkejì títì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Mo sín in jẹ, mo sín ọkọ rẹ̀ jẹ, mo sín ìyá ọkọ rẹ̀ tí n kò rí rí jẹ. Ọkùnrin kan tó wọ awò ojú dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ mi ní gbogbo àsìkò yẹn. Kò ra ata, kò sì lọ.

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ọkùnrin náà ní, "Ṣé o lè sín àgbàlagbà ọkùnrin jẹ?"

Mo ní, "Ẹ máa bá tiyín lọ o, Bọ̀dá. Mo ní ọkọ nílé."

"Iṣẹ́ ni mo fi ń lọ̀ ẹ́. Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀ ọkọ?"

Bí mo ṣe mọ Ọ̀gá Rájí nìyẹn. Ó ní ẹ̀rọ sinimá kan tó ti gbó, tí kò ní ohùn rárá. Àwọn fíìmù àtijọ́ tí àwọn òyìnbó ti ṣe kí ìyá mi tó wọ ilé ọkọ ló máa ń rà lọ́wọ́ àwọn atukọ̀ ní Àpápá. Nínú àwọn fíìmù yẹn, èèyàn á máa la ẹnu, á máa sunkún, á máa jà, o ò ní í gbọ́ nǹkan kan. Bí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀ jù, wọn á fi ìwé kíkọ hàn lára aṣọ funfun tí a ta síwájú fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀sán Sátidé àti ọ̀sán Sọ́ńdè la máa ń fi í han èèyàn nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìkòsí, aṣọ dúdú ni a fi ń bo àwọn fèrèsé. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun náà, kí n di máíkì mú, kí n máa fi Yorùbá sọ ohun tí gbogbo wọn ń sọ. Èmi ni ọkọ, èmi ni ìyàwó, èmi ni adájọ́. Àní èmi ni ajá.

Òfin kan ṣoṣo ni Ọ̀gá Rájí fún mi. Ó ní kí n kọ́kọ́ wo fíìmù lẹ́ẹ̀kan láìsọ̀rọ̀, kí n wò ó lẹ́ẹ̀kejì kí n máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, kí n wò ó lẹ́ẹ̀kẹta kí n wá pariwo. "Fíìmù tí o kò bá tíì wò parí, má la ẹnu sí i. Ẹyin lọ̀rọ̀, Sìkírá. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́." Ó ní ìdí tó fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo rí ọkùnrin kan tó di ọmọbìnrin kan mọ́ra, ni mo bá ń pè é ní ìyàwó rẹ̀, mo ń bá a ṣeré ìfẹ́ ní ohùn ọkùnrin. Ẹ̀yìn ìyẹn la rí i tó fa ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tó lọ fà á fún ọkọ. Àbúrò rẹ̀ ni! Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń ṣubú lórí bẹ́ǹṣì. Ó tó oṣù méjì tí wọ́n fi ń pè mí ní "Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n" ní ọjà.

Ẹ tún gbọ́ èyí, torí òun ló dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn ará ibí kò lè jókòó wo èèyàn tí kò ní orúkọ. Gbogbo òyìnbó inú sinimá la ń fún ní orúkọ Yorùbá. Bó bá sì jẹ́ pé èèyàn ńlá ló ń wọlé, tó wọ aṣọ olówó iyebíye, wọn á máa kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Kì í! Sìkírá, kì í!" Wọ́n fẹ́ kí n ki oríkì fún un, bí a ṣe ń ki ẹni iyì lóde. Oríkì àtọwọ́dá ni mo máa ń lò, tí kò ní ilé tí kò lọ́nà.

Bàbá Àjàní ló ni gbọ̀ngàn náà. Olórí ẹbí onílẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àga wọn máa ń wà níwájú, wọn á jókòó, wọn á wò ó tán, wọn á dìde lọ. N kò rí eyín wọn rí. Mo máa ń bínú sí i nínú mi, torí mo lè mú òkúta rẹ́rìn-ín, kí wá ni ti bàbá yìí? Mo ṣèlérí fún ara mi pé lọ́jọ́ kan, màá mú wọn rẹ́rìn-ín dandan.

Ọjọ́ kejì Iléyá ni ọjọ́ náà dé. Ọ̀gá Rájí ti polongo fíìmù tuntun kan káàkiri, fíìmù olè àti ọlọ́pàá. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni fíìmù tó tẹ̀ wá lọ́wọ́, agolo márùn-ún. Inú agolo ni fíìmù máa ń wà, bí ọ̀kan bá tán, a ó tan iná, Ọ̀gá á so èyí tó kàn mọ́ ẹ̀rọ. A wo agolo kìíní àti ìkejì, ìwé tó ń jáde níbẹ̀ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. N kò mọ irú òyìnbó tó kọ ọ́. Nígbà tí a fi máa wò ó débẹ̀, èrò ti kún ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀gá ní, "Ẹ jẹ́ ká fi ti àtijọ́ hàn wọ́n lónìí."

Mo ní, "Lójú ọdún? Kí wọ́n fi òkò lé wa? Ọ̀gá, ojú mi ríran. Bó bá ṣe ń lọ ni màá máa tẹ̀ lé e."

Ó wò mí títí. "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú gbangba." Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi, n kò ní í purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn ẹbí Bàbá Àjàní kún ìlà méjì iwájú, gbogbo wọn nínú aṣọ ọdún. Ìyá Àgbà, ìyàwó àkọ́fẹ́ wọn, jókòó lẹ́yìn wọn gangan. Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan jáde, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, ó dé fìlà gíga dúdú, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ń tẹrí ba fún un nílé ńlá. Opó kan gbé àpótí wúrà rẹ̀ wá, ó fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni àpọ́nlé nìyí, àbí? Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe, "Kì í!"

Ọkàn mi ní, Sìkírá, àkókò tó. Mo ti gbọ́ oríkì Bàbá Àjàní lẹ́nu Ìyá Àgbà nídìí kànga. Mo bá gbé ohùn sókè:

"Àjàní! Ọmọ odò kékeré tí í gbé ọkọ̀ ńlá! Ọmọ a-gbàlejò-má-bèèrè-orúkọ! Ọmọ ẹni tí kì í tilẹ̀kùn lọ́sàn-án!"

Háà! Gbọ̀ngàn mì tìtì. Àwọn obìnrin ilé wọn dìde, wọ́n ń jó níbi tí wọ́n wà. Bàbá Àjàní yí ojú sí mi, wọ́n rọra mi orí. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé láti sọ̀rọ̀ fún opó. Láti ìgbà yẹn, bí ọkùnrin onírùngbọ̀n bá ti yọ báyìí, mo ti kì í, wọ́n ti hó. Ó di Àjàní tiwọn.

Lágolo kẹta, àpótí wúrà sọnù. Wọ́n mú aṣọ́gbà ilé náà, òtòṣì kan tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, wọ́n ní òun ló jí i. Wọ́n gbé e lọ ilé ẹjọ́, adájọ́ ní kí wọ́n lọ yẹgi fún un. Ìyàwó rẹ̀ wólẹ̀, mo sunkún fún un débi pé ọ̀fun ń dùn mí. Gbogbo ilé ń bi ara wọn pé, "Ta ló jí i?"

Agolo kẹta tán, iná tàn. Ọ̀gá Rájí máa ń fa fíìmù díẹ̀ láàárín ìka lójú gílóòbù kó lè mọ̀ bóyá ó ti ya. Mo rí i tó ń fà á, tó tún ń fà á, tó tún mú agolo karùn-ún. Ó ní kí n wá.

"Wo ibí yìí."

Àwòrán wínníwínní ni. Ọlọ́pàá méjì, wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ de ẹnì kan.

"Ta ni wọ́n dè?"

"Wo irùngbọ̀n ẹ̀, Sìkírá."

"Yéè! Mo gbé!"

"Rọra sọ̀rọ̀. Òun ló jí wúrà, òun ló fi lé aṣọ́gbà lọ́rùn. Nǹkan tó burú ju ìyẹn lọ wà níbẹ̀. Ṣé o mọ Wàsíù?"

"Wàsíù wo?"

"Àkọ́bí Bàbá. Ó jí nǹkan níbi iṣẹ́ rẹ̀, ọdún kẹta rèé tó ti wà lẹ́wọ̀n. Bàbá ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá orúkọ rẹ̀ nínú ilé mọ́. Wọn kò lọ wò ó rí. Gbogbo Ìkòsí ló mọ̀." Ó nu òógùn ojú rẹ̀. "Wọn á ní a dìídì ṣe é ni. Wọn á ní a pe ilé wọn ní ilé olè lójú ọdún."

Mo wo iwájú. Ìlà méjì gbáko, àwọn ọkùnrin abarapá bíi mẹ́jọ wà nínú wọn. Wọ́n ń jẹ ẹran ọdún, wọ́n ń sọ fún ara wọn bí Àjàní ṣe máa rí olè náà mú. Bàbá Àjàní jókòó, ẹ̀rín wà létí ẹnu wọn díẹ̀. Ẹ̀rín tí mo ti ń wá láti ìgbà yìí nìyẹn. Ó dùn mí wọnú egungun.

Ọ̀gá ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ pé fíìmù ti já."

Ṣùgbọ́n àwọn èrò ẹ̀yìn ti ń fi ẹsẹ̀ lulẹ̀. Wọn kò ní í jáde láìmọ ẹni tó jalè. Orí mi ń sáré. Mo ní, "Ìbejì! Ọ̀gá, ìbejì ni. Màá ní Kẹ́hìndé rẹ̀ ló ṣe é." Ó pa iná.

Agolo kẹrin. Ọkùnrin onírùngbọ̀n wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó ká ẹní, ó yọ pákó kan nílẹ̀. Wúrà ń dán wàìwàì. Gbogbo ilé mí kanlẹ̀. Mo yára fò sí i: "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ má ṣìnà o! Àjàní kọ́ nìyí! Kẹ́hìndé rẹ̀ tó ti sá nílé láti kékeré ló yọ́ wọlé!"

Ó dà bíi pé wọ́n gbà á. Mo ń bá a lọ, mo ń fi ohùn líle kan sọ̀rọ̀ fún Kẹ́hìndé. Ìgbà yẹn ni obìnrin kan láti àárín èrò ní, "Sìkírá! Kẹ́hìndé náà ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ọmọ odò kékeré ni? Ṣé baba ọ̀tọ̀ ló bí i?"

Ẹ wò mí! Èmi tí mo mọ ọ̀rọ̀ sọ, n kò rántí pé Táíwò àti Kẹ́hìndé ń jẹ oríkì ilé kan náà. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ohùn ọkùnrin kan ní, "Bí olè tiwọn nílé náà ṣe rí nìyẹn," kò sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Ìlà iwájú dìde lẹ́ẹ̀kan. "Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn? Sìkírá, kí lo ń sọ nípa ilé wa?" Ọ̀kan nínú wọn ti di ẹsẹ̀ tábìlì ẹ̀rọ mú, ó ń fà á, Ọ̀gá Rájí dì mọ́ ẹ̀rọ bí ẹni dì mọ́ ọmọ. Ìmọ́lẹ̀ ń jù sókè sódò lórí òrùlé. Bí ẹ̀rọ yẹn bá fi wó lulẹ̀, oúnjẹ wa tán. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ẹ̀rọ kọ́ ni mò ń wò. Bàbá Àjàní ni mò ń wò. Wọn kò dìde. Wọ́n di ojú, wọ́n jókòó bí ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ láàárín ọjà.

Mo ju máíkì sílẹ̀, mo sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn. "Bàbá, irọ́ ni mo pa. Kò sí ìbejì kankan. N kò wo fíìmù parí kí n tó la ẹnu. Torí pé mo fẹ́ kí inú yín dùn ni mo fi kì í bẹ́ẹ̀. N kò mọ̀ pé olè ni. N kò mọ nǹkan kan nípa ilé yín. Ẹ fún mi ní ìyà tó bá wù yín, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ́ ẹ̀rọ Ọ̀gá mi."

Bàbá la ojú. Wọ́n kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọmọ wọn pé, "Ẹ jókòó." Wọ́n tún un sọ, àwọn ọmọ náà sì jókòó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Ta ló kọ́ ẹ ní oríkì wa?"

"Mo gbọ́ ọ lẹ́nu Ìyá Àgbà, Bàbá."

"Ọkùnrin yẹn, ṣé ẹ̀wọ̀n ló ń lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pa ẹ̀rọ náà."

"Nígbà tó bá ń lọ, ta ni yóò kì í?"

Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà ni.

Bàbá ní, "Mo bi ẹ́ ni. O kì í nígbà tó ń wọlé pẹ̀lú fìlà gíga. Nísinsìnyí tí wọ́n dè é, tó yẹ kó rántí ilé tó ti wá, o fẹ́ pa ẹ̀rọ." Wọ́n nawọ́ sí máíkì tó wà nílẹ̀. "Lọ gbé nǹkan ẹ. Kì í."

Ìyá Àgbà tó wà lẹ́yìn wọn ní, "Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fà á fẹ́kùn pa jẹ." Ó pẹ́ tí ìyá yẹn ti gbé ọ̀rọ̀ náà sínú, mo gbọ́ ọ lóhùn wọn.

Mo padà sórí àpótí mi. Lágolo karùn-ún, ìyàwó aṣọ́gbà rí wúrà lábẹ́ pákó, ó sáré dé ibi ìyẹgi, wọ́n tú ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi ṣẹkẹṣẹkẹ de ọkùnrin onírùngbọ̀n, fìlà rẹ̀ já bọ́, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láàárín ọlọ́pàá méjì. Mo la ẹnu. N kò kì í bí a ṣe ń ki olówó. Mo kì í bí ìyá ṣe ń ki ọmọ tó ń ṣàìsàn lórí ẹní.

"Àjàní. Ọmọ odò kékeré tí í gbé ọkọ̀ ńlá. Ọmọ ẹni tí kì í tilẹ̀kùn lọ́sàn-án. Kí ló dé tí o fi tilẹ̀kùn?"

Ìyá Àgbà gbè é. Lẹ́yìn náà àwọn obìnrin ilé yòókù gbè é, jẹ́jẹ́, wọ́n jókòó. Mo gbọ́ ẹni tó dárúkọ Wàsíù. Ẹni tó rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí iná tàn, àga Bàbá Àjàní ti ṣófo.

Ọ̀gá Rájí kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn. Ó kó àwọn agolo rẹ̀ sínú àpò, ó ní, "Ó dàbọ̀, Sìkírá." Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, tèmi àti tirẹ̀. Mo padà sídìí ata mi ní ọjọ́ Mọ́ńdè.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, Ìyá Àgbà wá bá mi lọ́jà. Wọn kò ra nǹkan. Wọ́n ní, "Bàbá ní kí o múra sílẹ̀ lọ́la. Ibì kan wà tí wọ́n fẹ́ kí o bá wọn lọ."

"Ibo ni, Mà?"

"Ọgbà ẹ̀wọ̀n." Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ọdún mẹ́ta rèé, ẹnu wọn kò gbà á láti pe ọmọ yẹn. Wọ́n ní ẹnu tìrẹ mọ ọ̀nà bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀."

Mo sọ fún ọkọ mi, ó ní kí n máa lọ. Èmi àti Bàbá wọ mọ́tò. Àwọn wọ́dà mú wa wọ yàrá kan tí wọ́n fi wáyà pín sí méjì. A dúró. Mo mọ̀ pé eléyìí kì í ṣe sinimá, bí mo bá ṣì í sọ, kò sí ẹni tó máa pa iná.

Wọ́n mú Wàsíù jáde lódìkejì. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ti fá orí rẹ̀. Nígbà tó rí ẹni tó wá, ó dúró gbagidi, kò súnmọ́ wa. Ó wo ilẹ̀. Bàbá la ẹnu, nǹkan kan kò jáde. Wọ́n tún la ẹnu. Ètè wọn ń gbọ̀n, ohùn kò sí níbẹ̀. Wọ́n yí ojú sí mi.

Orúkọ rẹ̀ ti dé orí ahọ́n mi nígbà tí mo rí i pé Bàbá gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ọwọ́ náà wúwo. Wọ́n rọra tì mí sẹ́yìn, wọ́n súnmọ́ wáyà náà fúnra wọn, wọ́n fi iwájú orí kàn án.

"Àkànní," ni wọ́n fi oríkì pè é. "Àkànní, ọmọ odò kékeré."

Wàsíù ti dì mọ́ wáyà. Mo yí padà, mo jáde síta, mo fa ilẹ̀kùn náà dé lẹ́yìn mi.